Máàpù Tó Máa Rí Ọmọ Abà: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Ilé-Ìwé Yẹ Ní Agoua, Bantè àti Savalou

Bí sátẹ́láìtì bá wo àgbègbè Agoua láti òkè, ohun méjì ló ń yára hàn sí i: oko kajú tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà, àti òrùlé páànù tó ń kọ mànà nínú oòrùn. Òrùlé koríko kì í kọ mànà. Àwọ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí igi máńgòrò kan bá sì ṣíji bò ó, kọ̀ǹpútà tó ń ka ilé lórí àwòrán náà lè fò ó kọjá bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́ òrùlé koríko yẹn gan-an ni ọmọ tí ilé-ìwé jìnnà sí jù lọ máa ń sùn.

Máàpù ilé-ìwé ni mo ń sọ. Carte scolaire ni àwọn ará ọ́fíìsì ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè é. Òun la fi ń mọ ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́ kíláàsì sí, iye olùkọ́ tó yẹ kó lọ síbẹ̀, ilé-ìwé tó yẹ kí wọ́n fẹ̀ sí i, àti bí wọ́n ṣe máa pín àwọn ilé-ìwé sí ẹkùn lábẹ́ àwọn ìnsípẹ́tọ̀. Nígbà kan, bébà ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni. Lónìí, fóònù, sátẹ́láìtì àti òǹkà ìkànìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà sì ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun èlò yìí dára, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Àmọ́ bí a bá fi í ka orúkọ abúlé nìkan, tí a kò fi í wọn ìrìn ẹsẹ̀ ọmọ, ilé-ìwé á máa pọ̀ sí i nínú ìwé, ọmọ abà á sì máa wà lóko.

Agoua jẹ́ ọ̀kan nínú àrọ́ńdísímáàn mẹ́sàn-án tó wà nínú kọ́múùnù Bantè, ní ẹ̀ka Collines. Àwọn yòókù ni Akpassi, Atokoligbé, Bobè, Gouka, Koko, Lougba, Pira àti Bantè fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Ìṣà ni. Savalou tí wọ́n jọ pààlà ní àrọ́ńdísímáàn 14. Àwọn Máhì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Ifẹ̀ sì wà lápá Tchetti àti Doumè. Ìkànìyàn ọdún 2002 rí ènìyàn 82,129 ní Bantè; ti 2013 rí 106,945. Ní Savalou, 104,749 di 144,549 láàárín ọdún kan náà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé níbi tí ènìyàn 100 wà ní Bantè tẹ́lẹ̀, 130 ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 11. Ní Savalou, ó di 138.

Ṣé gbogbo wọn wá jókòó sójú kan? Rárá o. Kọ́múùnù Bantè fẹ̀ tó nǹkan bí 2,700 kìlómítà níbùú lóòró, èyí tó jẹ́ pé bí a bá pín àwọn ènìyàn 2013 káàkiri ilẹ̀ náà, nǹkan bí 40 péré ló máa kan kìlómítà kan níbùú lóòró. Ilẹ̀ iṣu ni, ilẹ̀ gbágùúdá ni, ilẹ̀ kajú sì ni. Nítorí ilẹ̀ yìí, ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Atacora àti Donga wá síbẹ̀: Ditamari, Berba, Lokpa, Yom. Wọ́n á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n á kọ́ ilé díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko, ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò, àbúrò á mú ìyàwó wá, kó tó pẹ́, abà ti dé. Àwọn Fúlàní náà ní gáà tiwọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá ń gbé oko fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún.

Nínú ìwé ìjọba, abà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní orúkọ tirẹ̀. Abẹ́ abúlé tó ni ilẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní abúlé kan ní ènìyàn 1,200, ó sì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó ní kíláàsì mẹ́fà, CI títí dé CM2. Lójú ẹni tó jókòó sí Kútọnu, abúlé náà ti ní tirẹ̀, kí wọ́n wo ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ká ní 500 nínú àwọn 1,200 yẹn ń gbé abà mẹ́rin tí ó jìnnà tó kìlómítà 5 sí ilé-ìwé náà. Bí a bá fi í sí pé ọmọ ọdún 6 sí 11 tó 17 nínú ènìyàn 100, a ti ní ọmọ 85 tí ìwé sọ pé ilé-ìwé wà fún, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì lè gbé wọn débẹ̀. Ọmọ 85 tó kún kíláàsì méjì. Kò sí ibi tí wọ́n ti hàn nínú ìròyìn ọdún náà, nítorí ọmọ tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílé-ìwé rí, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe máàpù náà kò le láti yé ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ẹní rí. Ẹ ronú nípa ẹní mẹ́ta tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn.

Ẹní ìsàlẹ̀ ni àwọn ilé-ìwé tó wà. Ẹnì kan á dúró sí ojú àgbàlá ilé-ìwé, nídìí ọ̀pá àsíá, fóònù á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúró sábẹ́ igi tàbí nínú yàrá, nítorí fóònù náà ń wá sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán kó tó lè sọ ibi tó wà. Á dúró díẹ̀. Òǹkà tó ń sọ bí àṣìṣe ṣe lè tó á máa wálẹ̀: mítà 40, mítà 15, mítà 5. Nígbà tí òǹkà náà bá ti dúró, á fi ibẹ̀ pamọ́ sínú fóònù. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun tí ojú òfuurufú kò lè rí: kíláàsì mélòó ni ti símẹ́ǹtì, mélòó ni ti àtíbàbà koríko, kànga ńkọ́, ṣáláńgá àwọn ọmọbìnrin ńkọ́, olùkọ́ mélòó ni ìjọba ń sanwó fún, mélòó ni àwọn òbí ń dá owó jọ fún. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀ nìkan ló ń ṣe é. Nígbà tí UNICEF àti ITU dá ètò Giga sílẹ̀ ní 2019 láti so gbogbo ilé-ìwé ayé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ ni wíwá ibi tí àwọn ilé-ìwé náà wà, torí ọ̀pọ̀ ìjọba ni kò ní àkójọ tó pé.

Ẹní kejì ni àwọn ènìyàn, òun ló sì nira jù. Bẹ̀nẹ̀ ti ka ènìyàn ní 1979, 1992, 2002 àti 2013. Ìkànìyàn dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wọ CI lónìí kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n kà á ní 2013. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ìṣirò gbọ́dọ̀ fi bí ìbímọ, ikú àti ìṣíkiri ṣe ń lọ gbé òǹkà àtijọ́ wá sí òní. Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò hàn sí ojú: ìwé ìkànìyàn sábà máa ń to ọjọ́ orí ní márùn-ún márùn-ún, 5 sí 9, 10 sí 14, nígbà tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ń gba ọmọ ọdún 6 sí 11. Ẹ gbọ́dọ̀ ya ìdì kọ̀ọ̀kan sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ìṣirò kan tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń pè ní Sprague, ni wọ́n fi ń ṣe é títí di òní. IIEP, ilé-iṣẹ́ UNESCO tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1963 fún ìṣètò ẹ̀kọ́, ń lò ó pẹ̀lú òǹkà WorldPop láti mọ iye ọmọ tó tó ilé-ìwé lọ ní àyíká kọ̀ọ̀kan.

WorldPop jẹ́ iṣẹ́ Yunifásítì Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pín ilẹ̀ ayé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 mítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pín iye ìkànìyàn sínú wọn gẹ́gẹ́ bí ilé, ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ alẹ́ àti irú ilẹ̀ ṣe rí. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé ìṣirò ni, kì í ṣe pé ẹnì kan lọ síbẹ̀ lọ kà wọ́n. Igun kan lè gba ènìyàn mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí a bá kó igun ẹgbẹ̀rún jọ, òǹkà náà á wúlò gan-an. Bí a bá fi igun mẹ́wàá péré pinnu ọ̀rọ̀ abà kan, ó lè ṣì wá lọ́nà pátápátá.

Ẹní kẹta ni ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló fi í ṣe òdiwọ̀n pé kí ilé-ìwé má jìnnà ju kìlómítà 3 lọ sí ilé ọmọ. Èyí tó rọrùn jù fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ni kó fi ilé-ìwé ṣe àárín, kó fa òbìrípo oní-kìlómítà 3 yí i ká, kó sì sọ pé gbogbo ọmọ tó wà nínú òbìrípo náà ti ní ilé-ìwé. Ẹyẹ ni irú máàpù bẹ́ẹ̀ wà fún. Ọmọ ènìyàn ń gba ẹ̀bá oko yí po, ó ń wá ibi tí odò ti fẹ́ẹ́rẹ́ láti rékọjá, ó ń yẹra fún igbó tí wọ́n ní ejò pọ̀ sí. Ní àgbègbè wa, òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Odò kékeré tí ọmọ ń fò kọjá nínú oṣù kejì lè di omi tó mu àgbàlagbà dé àyà nínú oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ìgbà tí ilé-ìwé ń wọlé gan-an. Abà tó wà ní kìlómítà 2 lórí máàpù lè di kìlómítà 6 lójú ọ̀nà.

Nítorí èyí ni àwọn onímáàpù tó mọ iṣẹ́ wọn fi ń lo àkókò dípò ìjìnnà. Wọ́n á fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ ń gbà lórí rẹ̀: ọ̀nà ọkọ̀ yá, ipa ẹsẹ̀ lọ́ra díẹ̀, igbó lọ́ra gan-an, odò tó kún jẹ́ ògiri. Kọ̀ǹpútà á wá máa tàn káàkiri láti ilé-ìwé bí omi tí a dà sílẹ̀, á sì fi àwọ̀ yàtọ̀ síra sàmì sí ibi tí a lè rìn dé ní ìṣẹ́jú 15, 30, 45 àti 60. Àwòrán tó máa ń jáde kì í ṣe òbìrípo rárá. Ó máa ń gùn lọ lójú ọ̀nà bí ìka ọwọ́, á sì súnkì létí odò. Bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ti ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò, a ó rí àwọn abà tí wọ́n ní ilé-ìwé fún ìdajì ọdún péré.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń fa òbìrípo kì í rántí. Ilé-ìwé Bẹ̀nẹ̀ ń ṣe àárọ̀, ó ń ṣe ìrọ̀lẹ́, ìsinmi ọ̀sán gígùn sì wà láàárín. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wà ní kìlómítà 3, tí kò sì sí oúnjẹ ní ilé-ìwé fún un, á lọ láàárọ̀, á wá sílé lọ́sàn-án, á padà lọ nírọ̀lẹ́, á tún wálé. Kìlómítà 12 lóòjọ́ nìyẹn, fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Àìmọye òbí ló ń wò ó pé kí ọmọ kúkú jókòó. Bí máàpù bá fi hàn pé ilé-ìwé kan ń gba ọmọ púpọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ibẹ̀ ló yẹ kí ìkòkò oúnjẹ kọ́kọ́ wà. Láti 2017 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, ti ń mú ètò oúnjẹ ilé-ìwé gbòòrò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ kí máàpù yìí wà lórí tábìlì àwọn tó ń pín in.

Pé ìjìnnà ń dá ọmọ dúró lóòótọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ní 2007, àwọn olùwádìí méjì, Dana Burde àti Leigh Linden, ṣiṣẹ́ ní abúlé 31 ní ẹkùn Ghor ní Afghanistan. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi yan àwọn abúlé tó kọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Wọ́n rí i pé fún máìlì kọ̀ọ̀kan tí ilé-ìwé fi jìnnà, ìyẹn kìlómítà 1.6, iye ọmọ tó ń lọ ń dín ní nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọbìnrin ló sì jàǹfààní jù nígbà tí ilé-ìwé súnmọ́ tòsí.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Burkina Faso, aládùúgbò Bẹ̀nẹ̀ lápá àríwá. Láàárín 2005 sí 2008, owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní BRIGHT. Abúlé 293 ló ń béèrè, owó ò sì tó gbogbo wọn. Wọn ò wo ojú ẹni, wọn ò wo ẹni tó mọ mínísítà. Wọ́n fún abúlé kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tí ilé-ìwé náà máa gbà láti inú abúlé yẹn àti àwọn abúlé tó yí i ká, wọ́n sì fi kún máàkì náà nítorí àwọn ọmọbìnrin. 132 ló gba ilé-ìwé, pẹ̀lú ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀tọ̀ fún ọmọbìnrin, kànga, oúnjẹ, àti ilé ìtọ́jú àwọn àbúrò kéékèèké kí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin lè rí àyè kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí fi àwọn abúlé tó fi díẹ̀ wọlé wé àwọn tó fi díẹ̀ kùnà. Iye ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé lọ sókè ní 19 nínú ọgọ́rùn-ún, máàkì ìdánwò wọn náà sì gbéra sókè gan-an. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló dé tí abúlé tiwọn kò rí gbà, ìdáhùn sì wà nínú ìwé: máàkì yín rè é, ti aládùúgbò yín rè é. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré níbi tí kíláàsì tuntun ti sábà máa ń tẹ̀lé ìbò.

Àwa Yorùbá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òǹkà bá kéré sí òtítọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ní 1955, 811,432 ló dé. Wọ́n pọ̀ ju bí ìjọba ti retí lọ, wọ́n sì fi odindi ọ̀pọ̀ ọdún wá olùkọ́ tí ó kájú ìwọ̀n fún wọn. Bẹ̀nẹ̀ tọ́ irú rẹ̀ wò nígbà tí wọ́n yọ owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní 2006. Ọmọ dé, àtíbàbà koríko pọ̀, àwọn òbí ń sanwó fún olùkọ́ láti àpò ara wọn. Kò sí ìjọba tó yẹ kí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ tún bá lójijì, nígbà tí ohun èlò láti rí i ṣáájú ti wà.

Ó yẹ kí n padà sọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, nítorí àwọn kan ti gbà pé ojú òkè ti rí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Google gbé àkójọ ilé jáde ní 2021, Open Buildings, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Accra kópa nínú rẹ̀. Ilé 516 mílíọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ rí káàkiri Áfíríkà, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n tilẹ̀ kọ iye ìdánilójú sí ara ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń lò ó lè mọ èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣiyèméjì sí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí òrùlé. Kò rí ènìyàn. Àká àgbàdo ní òrùlé. Ilé tí wọ́n ti kó kúrò ní òrùlé. Ilé oko tí baálé ń sùn sí lásìkò kajú nìkan ní òrùlé. Ahéré Lokpa tí ọmọ mẹ́jọ ń gbé, tí koríko bò mọ́lẹ̀, lè má sí níbẹ̀ rárá.

Àríwá Nàìjíríà ti kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára ń lọ láti abúlé dé abúlé pẹ̀lú máàpù tí wọ́n fọwọ́ yà, àrùn náà ò sì lọ. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì wò ó, wọ́n rí àwọn abà tí kò sí nínú ìwé kankan, tí ẹnikẹ́ni ò débẹ̀ rí. Wọ́n fi wọ́n sí máàpù, wọ́n sì ní kí àwọn ará ibẹ̀ sọ orúkọ wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àdánidá (wild polio). Inú iṣẹ́ yẹn ni ètò GRID3 ti hù, tó sì ń fi ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti abà sórí máàpù Nàìjíríà báyìí. Sátẹ́láìtì ló sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ẹni tó gun alùpùpù lọ ló mọ ohun tó jẹ́, ẹni tó ń gbébẹ̀ ló sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Agoua tí kò rọrùn, mi ò sì ní fò ó. Igbó Agoua jẹ́ igbó ọba, gẹ́gẹ́ bíi ti Monts Kouffé àti Wari-Maro. Ìjọba ń ṣọ́ àwọn igbó wọ̀nyí, Ilé Ìfowópamọ́ Ìdàgbàsókè Áfíríkà sì ti náwó lórí iṣẹ́ àtúnṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn àgbẹ̀ wà ní ẹ̀bá wọn, àwọn kan sì ti wọ inú. Bí máàpù bá tọ́, á fi ọmọ hàn níbi tí òfin kò fẹ́ kí ilé wà. Bí a bá kọ́ ilé-ìwé síbẹ̀, a ti sọ abà di ìlú. Bí a kò bá sì kọ́ ọ, ọmọ tí kò mọ ìtàn igbó ló ń san gbèsè rẹ̀. Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 sọ ní abala 13 pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan. Kò sọ pé àyàfi ọmọ inú igbó. Lójú tèmi, ẹ̀bá igbó ni kí ilé-ìwé wà, ní ibi tí ipa ẹsẹ̀ láti inú ti ń jáde sójú ọ̀nà, kí ó ní oúnjẹ ọ̀sán, kí àwọn olùṣọ́ igbó má sì rí ìwé orúkọ ọmọ gbà láti fi lé òbí wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ọjọ́ tí àwọn ará gáà bá gbọ́ pé ẹni tó wá ka ọmọ ni ó júwe ilé wọn fún ẹni tó wá lé wọn, kò sẹ́ni tó tún máa sọ òtítọ́ fún onífóònù mọ́.

Bí máàpù bá ti wà, kì í ṣe kíláàsì mẹ́fà nìkan ló lè tẹ̀lé e. Abà mẹ́rin tí ọmọ wọn jẹ́ 85 lè ní ilé-ìwé kékeré kan ní àárín, olùkọ́ méjì, kí olùkọ́ kan máa kọ́ ìpele méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá kan, kí àwọn ọmọ tó ti dàgbà tó sì wá máa lọ sí ilé-ìwé ńlá láti CE2 lọ. Afárá onígi kan lè ṣe ju kíláàsì tuntun lọ, bí ó bá jẹ́ odò nìkan ló ń dí ọ̀nà. Máàpù àkókò ìrìn ló máa fi ìyẹn hàn. Níbòmíràn, olùkọ́ ni kò sí, kì í ṣe ilé. Kọ́múùnù ni òfin ìpínkáàkiri agbára ti 1999 gbé kíkọ́ àti àtúnṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé lọ́wọ́, mínísítà ló sì ń rán olùkọ́. Bí àwọn méjèèjì kò bá wo máàpù kan náà, ẹ ó rí kíláàsì tuntun tí ewúrẹ́ ń sùn sí.

Ọ̀rọ̀ ààlà náà wà. Abà kan lè wà nínú Agoua, kó sì sún mọ́ ilé-ìwé kan ní kọ́múùnù tó tẹ̀ lé e ju ti Bantè lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ kò mọ ààlà kọ́múùnù. Àwọn kọ́múùnù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Collines, Bantè, Dassa-Zoumè, Glazoué, Ouèssè, Savalou àti Savè, ti ní ẹgbẹ́ tó so wọ́n pọ̀, GIC. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa pe méèrì méjì jókòó láti sọ pé: ilé-ìwé yìí tiyín ni, àwọn ọmọ abà yìí tiwa ni, ẹ jẹ́ ká jọ pín in.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olórí abúlé, ẹ̀yin tí ẹ ní abà: bí ẹni tó ń ka ènìyàn tàbí tó ń ya máàpù bá dé, ẹ mú un kọjá ibi tí ọ̀nà alùpùpù parí sí. Ẹ sọ iye ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín, àti ọmọbìnrin tí ẹ rò pé kò ní lọ, àti ọmọ àlejò tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ibi tí odò ń kún sí hàn án. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì méèrì ní Bantè àti Savalou, bí máàpù náà bá ti jáde, ẹ má tì í mọ́nú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àrọ́ńdísímáàn kọ̀ọ̀kan, kí ìyá tó wá gba ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ lè wá abà tirẹ̀ lórí rẹ̀. Bí kò bá rí i, ẹ fún un ní báírò kó fi sí i.